Bí mo ṣe ṣírò wákàtí tí Màmá máa lò láti Èkó dé Toronto

Àbúrò mi obìnrin bímọ sí Toronto, Màmá ń lọ bá a tọ́jú ọmọ. Gbogbo èèyàn àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ló ń sọ iye wákàtí tó wù ú, mo ní ẹ jẹ́ n jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí dáadáa.

Jínjìn ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Mo yá glóòbù lọ́wọ́ tíṣà kan, mo fi òwú ìránṣọ mú un láti Èkó dé Toronto, mo fà á le kó má dẹ̀, mo wá tẹ́ òwú yẹn sórí ìlà agbedeméjì ayé níbi tí wọ́n kọ dígírì sí. Ó gba bíi dígírì 80. Dígírì kan jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 111, ẹ bá mi sọ ọ́ lọ́nà 80, ó ń lọ sí 8,900 kìlómítà. Ẹ má fi máàpù ara ògiri wọ̀n ọ́n o, pẹlẹbẹ nìyẹn, ayé sì rí roboto.

Àmọ́ bàálù tiwọn ò gba ibẹ̀ tààrà, Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni wọ́n ti máa pààrọ̀. Èkó sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù tó 5,000, Lọ́ńdọ́ọ̀nù sí Toronto lé ní 5,700, ó ti di 10,700 nìyẹn.

Ibi tó ń da gbogbo èèyàn láàmú ni aago. Tíkẹ́ẹ̀tì ní wọ́n á gbéra l'Ékòó ní aago mọ́kànlá alẹ́, wọ́n á dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, ìyẹn ò le, torí lásìkò ooru tiwọn aago Lọ́ńdọ́ọ̀nù àti tiwa ò yàtọ̀, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni. Ó wá ní wọ́n á tún gbéra ní aago méjìlá ọ̀sán, wọ́n á balẹ̀ sí Toronto ní aago mẹ́ta. Inú Màmá dùn, wọ́n ní wákàtí mẹ́ta péré, ṣé bí ẹní lọ Ìbàdàn lọ́jọ́ tí ọ̀nà dí náà ni! Mo ní rárá Màmá, aago tọ̀hún nìyẹn, wákàtí márùn-ún ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa báyìí, tí òtútù bá dé á di mẹ́fà. Aago mẹ́jọ alẹ́ tiwa ni ẹ máa balẹ̀, wákàtí mẹ́jọ gbáko lẹ máa fi jókòó. Bàálù ńlá ń sáré tó 900 kìlómítà ní wákàtí kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n atẹ́gùn òkè lọ́hùn-ún láti ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́ bọ̀, ó máa ń kọjú sí wọn tí wọ́n bá ń lọ, tí wọ́n bá ń bọ̀ á máa tì wọ́n lẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí àbọ̀ fi máa ń yá ju àlọ lọ.

Gbogbo ẹ̀ pọ̀ jẹ́ wákàtí 21, mẹ́rìnlá ààbọ̀ nínú bàálù, ìyókù ìdúró ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Mi ò tíì ka ọ̀nà láti ibí gba Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn dé Ìkẹjà mọ́ ọn o, ìdájí la máa kúrò nílé. Torí pé ẹsẹ̀ Màmá máa ń wú, mo ní kí ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wa bá wọn mú síìtì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nínú bàálù méjèèjì kí wọ́n lè máa dìde rìn, ó sì ti bá wa ṣe é.