Àbúrò mi, bí wọ́n bá gbà ọ́ sí Zaria

Lọ́jọ́ tí mo kó ẹrù wọ Amina Hall, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní Samaru, ọmọbìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì wò mí, ó fi Haúsá sọ pé, “Yaya sunanki?” Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.” Orúkọ mi ló ń béèrè.

Ọmọ Ìwó ni mí. Ifẹ̀ àti Ìbàdàn ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti kàwé. Èmi nìkan ni JAMB gbé lọ sí Ahmadu Bello University ní Zaria, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962. Bí ìwọ náà bá ń lọ, ohun kan ni kí o wá: ibi tí wọ́n á ti béèrè rẹ bí wọn ò bá rí ọ.

Ìkíni ni kí o kọ́kọ́ kọ́. Láàárọ̀, “Ina kwana?” Wàá dáhùn pé “Lafiya lau.” Lọ́sàn-án, “Ina wuni?” Bí wọ́n bá ní “Ina gajiya?”, àárẹ̀ ni wọ́n ń béèrè, sọ pé “Ba gajiya.” Má jẹ́ kí ó bà ọ́ lẹ́rù. Lafiya wọn, àlàáfíà wa ni, wahala wọn, wàhálà wa, albasa, àlùbọ́sà. Wọ́n á tún máa pè ọ́ ní Bayarabe, bí o bá jẹ́ obìnrin, Bayarabiya. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bínú kí n tó mọ̀ pé “ọmọ Yorùbá” lásán ni. Ṣebí àwa náà ń pè wọ́n ní Gàmbàrí.

Kó súẹ́tà àti bùláńkẹ́ẹ̀tì dání. Ọyẹ́ Zaria kì í ṣe ọyẹ́ ilé. Òrí tí ìyá mi dì sínú báàgì mi, gbogbo yàrá ló bá mi fi para, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ dùn láàárín wa.

Wọ ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá. Àwọn ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀lùbọ́. Ṣùgbọ́n má ṣe bíi tèmi. Àárín wọn nìkan ni mo wà títí ọdún kìíní fi parí, n kò sì mọ orúkọ ènìyàn mẹ́wàá ní kíláàsì mi. Lọ́dún kejì, mo gbé nóòtì mi lọ bá àwọn kan ní Kashim Ibrahim Library, mo ní kí wọ́n wo ibi tó rú mi lójú. Má lọ lọ́wọ́ òfo, má sì sọ pé o fẹ́ bá wọn ṣọ̀rẹ́. Ìbéèrè ni kí o gbé lọ. Bí wọ́n bá bọ́ sí Haúsá láàárín ọ̀rọ̀, má kó ìwé rẹ. Wọ́n gbàgbé ni, bí àwa náà ṣe máa ń gbàgbé nígbà tí ọmọ Igbo kan bá jókòó láàárín wa. Sọ pé “Ban gane ba”, kò yé mi. Wọ́n á padà sí Gẹ̀ẹ́sì.

Mùsùlùmí ni mí, mo rò pé mọ́ṣáláṣí á rọrùn. Haúsá ni wàásù. Wá ẹni tó lè sọ díẹ̀ níbẹ̀ fún ọ lẹ́yìn ìrun.

Kí o sì yan olóúnjẹ kan, má máa kiri. Ọ̀dọ̀ ìyá kan ni mo ti ń ra kosai láràárọ̀; àkàrà wa náà ni. Òun ló kọ́ mi ní òǹkà. Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ sọ biyu, méjì, mo sọ uku. Ó bu mẹ́ta, ó gba owó mẹ́ta, mo sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo ti ilé Iléyá dé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá. Bó ṣe rí mi, ó ní, “Kwana biyu!” Ọjọ́ méjì ni ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti pẹ́ kí wọ́n tó rí ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Mo ní biyu. Ó bu mẹ́ta, ó gba owó méjì.