Bí a ṣe ń kọ́ kíláàsì ìrìbọmi nípa ẹbọ Kristi

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kíláàsì ìrìbọmi lé lọ́wọ́, ẹ má fi àgbélébùú bẹ̀rẹ̀. Léfítíkù orí 16 ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Láti jẹ́lé-ó-sinmi ni àwọn tí mò ń kọ́ ní Ọ̀mù-Àrán níbí ti ń sọ pé "Jésù kú fún wa." Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tó fi kú, wọ́n á máa wojú ara wọn.

Òbúkọ méjì ló wà nínú orí náà. Wọ́n á pa ọ̀kan, olórí àlùfáà á gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kọjá aṣọ ìkélé tó bo ibi mímọ́ jù lọ, á wọ́n ọn síwájú ìtẹ́ àánú, ìyẹn ìdérí àpótí májẹ̀mú. Wọn ò ní pa èkejì. Àlùfáà á gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí, á ka ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo Ísírẹ́lì lé e lórí, wọ́n á wá fà á lọ sínú aginjù. Ẹ pẹ́ díẹ̀ nídìí ọwọ́ méjèèjì yẹn o. Mo máa ń ní kí ẹnì kan tẹ ọwọ́ tirẹ̀ mọ́ tábìlì, kí ẹlòmíì máa ka ẹsẹ 21 lọ. Tí ẹ bá ti ibẹ̀ bọ́ sí Aísáyà 53, níbi tí Olúwa ti gbé ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo wa lé ìránṣẹ́ rẹ̀ lórí, ẹ ò ní ṣàlàyé púpọ̀ mọ́.

Ẹnì kan á bi yín bóyá bí ẹbọ àwọn bàbá wa náà nìyẹn. Inú mi máa ń dùn tí wọ́n bá béèrè. Nínú ẹbọ àwọn bàbá wa, ẹni tí wàhálà dé bá ló ń wá ẹran ẹbọ kiri. Ní Róòmù 3:25, Ọlọ́run tí a ṣẹ̀ gan-an ló fi ẹbọ kalẹ̀. Jésù fúnra rẹ̀ sì sọ nínú Jòhánù 10:18 pé kò sẹ́ni tó gba ẹ̀mí òun, òun ló fi í lélẹ̀. Ilé tí bàbá ti jẹ́ Mùsùlùmí, tí ìyá jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, pọ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí náà tí wọ́n bá mẹ́nu ba àgbò Iléyá, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì 22, kí ẹ sì bi wọ́n pé ta ló pèsè àgbò.

Tó bá kan Hébérù 10, ẹ ní kí òǹkàwé dìde fún ẹsẹ 11, níbi tí àlùfáà ti ń dúró lójoojúmọ́, tó ń rú ẹbọ kan náà. Tó bá dé ẹsẹ 12, kó jókòó, nítorí Kristi rú ẹbọ kan ṣoṣo, ó sì jókòó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ fi Róòmù 6 àti omi ìrìbọmi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.