Awọ tútù àti pọ̀nmọ́: bí mo ṣe rẹ kọ́lájìn láró ní Àjàṣẹ́

Kọ́lájìn, èròjà ara tó rí bí okùn, ló ń mú kí omi bọ̀kọ̀tọ̀ dì bí ó bá tutù. Òun ló pọ̀ jù nínú awọ ẹran, òun náà ló sì máa ń di àpá nínú ẹ̀dọ̀ tí àrùn ti ń jẹ látọjọ́ pípẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń ní kí a rẹ ègé ẹ̀dọ̀ láró, kí wọ́n lè mọ ibi tí àpá náà dé. Kí n tó fọwọ́ kan ẹ̀dọ̀ aláìsàn kankan, mo fẹ́ kí ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ yìí lára ohun tí kò ní í dun ẹnikẹ́ni bí ó bá bàjẹ́. Mo gba ọjà Ouando lọ.

Mo ra awọ màlúù tí wọn kò tíì fi iná sun lọ́wọ́ alápatà, mo sì ra pọ̀nmọ́ tó ti jinná. Ìyá oní-pọ̀nmọ́ rí awọ onírun nínú ọ̀rá mi. «Ọmọ mi, èwo lo fẹ́ sè níbẹ̀?» «Ẹ má bínú, ìyá, mi ò ní sè é. Inú rẹ̀ ni mo fẹ́ wò.» Ó wò mí títí, ó wá fi ẹyọ kan ṣe ènì.

Mo gé méjèèjì sí ègé tí kò nípọn ju mílímítà 4 lọ, mo rì wọ́n sínú fọ́málínì ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sùn síbẹ̀. Ẹ̀tánọ́ọ̀lù tẹ̀lé e, láti ìdá 70 títí dé 100 nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ́yìn náà sáílíìnì (xylene, kì í ṣe omi iyọ̀), lẹ́yìn náà ìda yíyọ́. Awọ le láti gé, nítorí náà mo gbé ìda náà lé yìnyín kí n tó fi abẹ máíkírótóòmù, ẹ̀rọ tó ń gé nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, gé e ní máíkírómítà 5. Gbogbo ègé gbọ́dọ̀ nípọn bákan náà. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Aró Masson aláwọ̀ mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, ó sì dùn ún wò, ṣùgbọ́n ìgò rẹ̀ ti pọ̀ jù. Fún yàrá àyẹ̀wò tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, Sirius Red ni mo fara mọ́: gírámù 0.5 nínú mílílítà 500 omi ásíìdì píkíríìkì tó ti kún dé ibi tí kò lè yọ́ mọ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ara ìgò. F3B ni ẹ ń wá, nọ́ńbà aró rẹ̀ ni C.I. 35780, èyí tí wọ́n tún ń pè ní Direct Red 80. Àwọn aró mìíràn wà tó ń jẹ́ Sirius, wọn kì í ṣe iṣẹ́ yìí.

Ásíìdì píkíríìkì náà kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Bí ó bá gbẹ, ó lè bú gbàù. Ẹ ra èyí tó ti wà nínú omi, ẹ máa fi aṣọ tútù nu ẹnu ìgò rẹ̀, ẹ má sì fi ìdérí onírin dé e. Bí ẹ bá bá ìgò àtijọ́ kan níbi kọ́lọ́fín tí inú rẹ̀ ti gbẹ, ẹ má ṣí i rárá. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Mo fi sáílíìnì yọ ìda, mo mú ègé náà padà dé inú omi, mo wá fi hematoxylin onírin ti Weigert sí i fún ìṣẹ́jú 8 kí kóró sẹ́ẹ̀lì lè dúdú, omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn sì fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 10. Hematoxylin lásán kò lè dúró, ásíìdì tó ń bọ̀ lẹ́yìn á bó o dànù. Lẹ́yìn náà, wákàtí kan gbáko nínú aró pupa.

Fífọ̀ ni iṣẹ́ gan-an wà. Omi lásán á gbé àwọ̀ lọ. Mo da ásíìdì asẹ́tíìkì mílílítà 5 sínú omi lítà 1, mo fọ̀ ọ́ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo gbọn omi náà dànù dáadáa, ó di inú ẹ̀tánọ́ọ̀lù 100 lẹ́ẹ̀mẹta, kíákíá, láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Sáílíìnì, gọ́ọ̀mù, dígí ìbòrí, ó parí.

Lábẹ́ iná lásán, awọ tútù àti pọ̀nmọ́ pupa, iṣan ara àti èpo ara sì ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ á ní ọ̀kan náà ni wọ́n.

Máíkírósíkóòpù wa kò ní awò tó ń darí ìmọ́lẹ̀ sí ìhà kan ṣoṣo. Mo wá awò ojú oòrùn tó ń ṣe é. Ẹ gbé méjì léra, ẹ yí ọ̀kan. Bí wọn kò bá ṣókùnkùn, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Mo fi ọ̀kan sórí iná, mo fi èkejì sórí ibi tí mo ń yọjú wò, mo sì yí i títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi dúdú. Sirius Red máa ń na ara rẹ̀ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn kọ́lájìn, ìyẹn ló ń mú kí okùn tó wà létòlétò mọ́lẹ̀. Awọ tútù ń tàn yòò bí ẹ̀yinná, pẹ̀lú àwọ̀ ewéko díẹ̀díẹ̀ níbi tí okùn ti tín-ín-rín. Pọ̀nmọ́ ṣókùnkùn, àfi ibì kọ̀ọ̀kan. Bí awọ bá ti gbóná kọjá nǹkan bíi 65 °C, okùn mẹ́ta tó lọ́ mọ́ra nínú kọ́lájìn ń tú, aró ṣì ń mú un, ṣùgbọ́n ètò rẹ̀ ti lọ.

Àwọn kan ń sọ pé pupa ni kọ́lájìn oríṣi I, àwọ̀ ewéko ni oríṣi III. Mi ò gbà á. Bí okùn àti ègé bá ṣe nípọn tó, tí okùn sì so pọ̀ tó, ni àwọ̀ ṣe ń rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ègé nípọn bákan náà.

Mo da aró pupa padà sínú ìgò, ó ń tọ́jọ́, a sì lè tún un lò. Weigert ni mo dà nù. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ lò ó ni à ń pò ó.