Bí Mo Ṣe Fi "O" àti "Ẹ" Ka Pygmalion

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka Pygmalion, eré orí ìtàgé tí Bernard Shaw kọ, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló ti dá mi dúró. Òjò ń rọ̀ ní Covent Garden ní Lọ́ńdọ̀nù, Eliza tó ń ta òdòdó ń bá ìyá kan sọ̀rọ̀: "Ow, eez ye-ooa san, is e?" Mo wò ó títí, n kò mọ ohun tó ń wí. Mo tilẹ̀kùn, mo kà á sókè. Ìgbà kẹta ni etí mi tó gbà á, mo sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé: "Ọmọ yín ni, àbí?"

"Yín" yẹn ló là mí lójú. "You" kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún ọmọ ọ̀dọ̀ àti ìyáálé ilé. Mo mú pẹ́ńsù, mo tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá bá Eliza sọ, mo ń bi ara mi pé: ká ní Yorùbá ni, ṣé "o" ni àbí "ẹ"?

Apá kejì ló gbà mí lákòókò jù. Eliza wá bá Higgins, ọ̀jọ̀gbọ́n fònẹ́tíìkì (ẹ̀kọ́ nípa ìró ọ̀rọ̀ ẹnu), pé kó kọ́ òun lédè tí wọ́n á fi gba òun síṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù òdòdó. Higgins jágbe mọ́ ọn: "Jókòó!" Obìnrin tó ń bójú tó ilé náà tẹ̀ lé e: "Jókòó, ọmọ yìí, ṣe ohun tí wọ́n ní kó o ṣe." Ó wá kan Pickering, ọ̀rẹ́ Higgins tó wà níbẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." N kò ṣiyèméjì lórí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní apá karùn-ún, Eliza fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọjọ́ tí Pickering pe òun ní "Miss Doolittle" ni ẹ̀kọ́ òun bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́.

Apá kẹrin ló dùn mí jù. Higgins ti jẹ tẹ́tẹ́ tí òun àti Pickering ta, pé òun á kọ́ Eliza títí wọ́n á fi rò pé ọmọ ọlọ́lá ni, kò sì sẹ́ni tó kí ọmọbìnrin náà. Ó ju sílípáàsì lu Higgins. Nígbà tó yá, ó rọra bi í pé ta ló ni aṣọ tó wà lọ́rùn òun, ó sì pè é ní "sir". Shaw kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyàlẹ́nu ni sílípáàsì fi bọ́ lọ́wọ́ Higgins. Mo pa ìwé dé fúngbà díẹ̀. Mo mọ "ẹ" yẹn dáadáa: ọ̀rẹ́ tó ti ń pè ọ́ ní "ìwọ" láti kékeré, tí ìjà dé, tó wá ń sọ pé "ẹ ṣeun, ẹ máa lọ."

Nígbà tí wọ́n ṣe eré náà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1914, Herbert Tree tó ṣe Higgins ju òdòdó sí Eliza níparí, bí ẹni pé wọ́n máa fẹ́ra. Inú Shaw kò dùn sí i. Ní 1916, ó kọ àfikún pé Freddy ni Eliza fẹ́, ọmọ ìyá tí Eliza bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ òjò yẹn. Mo padà lọ wo ohun tí mo fi pẹ́ńsù kọ. Nílé ìyá Higgins, Freddy béèrè lọ́wọ́ Eliza bóyá ó máa fẹsẹ̀ rìn gba inú pápá kọjá. "Miss Doolittle" ló pè é, mo sì ti kọ "ẹ" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.