Bí ẹ ṣe lè rí i lójú yín kí ọ̀pọ̀ ohun tó ń dá rìn tò láìní olórí

Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní kọ̀ǹpútà àti Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ṣe èyí fúnra rẹ̀: ẹ kọ ètò kan tí ọ̀pọ̀ àmì kéékèèké, tí mo máa pè ní ẹyọ, á ti máa rìn.

Onímọ̀ físíìsì Tamás Vicsek àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé òfin ìrìn wọn jáde ní 1995. Eré kan náà ni gbogbo ẹyọ ń sá. Ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹyọ á wo àwọn tí kò jìnnà sí i ju 1 lọ, á kọjú sí ìpíndọ́gba ọ̀nà wọn, á sì ṣìnà díẹ̀. Ìwọ̀n ìṣìnà náà ni η (eta), rédíánì la fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe dígírì.

Ẹ fi ẹyọ 300 sínú àpótí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 7, kí eré jẹ́ 0.03. Èyí tó bá gba ọ̀tún jáde, kó gba òsì wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkè àti ìsàlẹ̀.

Ibi tó gba sùúrù nìyí. Ẹ má ro ángù pọ̀ bíi nọ́ńbà lásán. Ẹni tó kọjú sí dígírì 350 àti ẹni tó kọjú sí 10 fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lọ síbì kan náà, àmọ́ tí ẹ bá ro wọ́n pọ̀ tí ẹ fi 2 pín in, 180 ló máa jáde: ẹ̀yìn wọn gan-an! Sine ni kí ẹ ro pọ̀, kí ẹ ro cosine lọ́tọ̀, kí arctan2, iṣẹ́ inú NumPy tó ń sọ sine àti cosine di ángù, wá fún yín ní ángù tuntun. Ẹ ka ẹyọ náà mọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi nọ́ńbà èyíkéyìí láàárín −η/2 àti η/2 kún un.

Láti mọ̀ bóyá wọ́n tò, ẹ ro vector eré gbogbo wọn pọ̀, kí ẹ fi iye ẹyọ àti eré pín gígùn rẹ̀. Nítòsí 1, ọ̀nà kan ni wọ́n ń tọ̀. Nítòsí 0, kálukú ń ṣe tirẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti η 6, kí ẹ máa dín in kù. Ẹ jẹ́ kó sáré pẹ́ kí ẹ tó gba èsì, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú fáìlì lójú ẹsẹ̀, torí iná. Ó máa dé ibìkan tí èsì á gbéra sókè. Ẹni tó bá ti wà láàárín èrò tó ń tú ká ní Ojúde Ọba mọ̀ ọ́n: ẹsẹ̀ àwọn tó yí ọ ká lo máa bá lọ.

Ẹ wá fẹ àpótí náà sí 25, kí η jẹ́ 0.1: ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ni wọ́n máa pín sí, olúkúlùkù ọ̀wọ́ pẹ̀lú ọ̀nà tirẹ̀. Ní 2006, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Buhl àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí irú títò yìí lára ọmọ eṣú inú aginjù: tí wọn ò bá pọ̀, wọ́n á máa rìn ṣákálá, tí wọ́n bá pọ̀ tó, wọ́n á kọjú sọ́nà kan.

Àpótí kékeré máa ń tan ènìyàn. Ó jọ pé ìyípadà láti àìtò sí títò ń rọra wáyé, ohun tí Vicsek àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì kọ́kọ́ rò nìyẹn. Ní 2004, Grégoire àti Chaté fi hàn pé nínú àpótí ńlá, òjijì ló ń ṣẹlẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ dé ibẹ̀, ẹ fi cKDTree ti SciPy, irinṣẹ́ Python tó ń yára wá ohun tó wà nítòsí, wá aládùúgbò, kí ẹ má gbàgbé boxsize rẹ̀, tó ń jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ àpótí so pọ̀ mọ́ra.