Ṣíṣe Owú Alágbẹ̀dẹ Nílé, Pẹ̀lú Igi Tí Yóò Gbé E

Àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ máa lu ẹnu ọkọ́ àti àdá rẹ̀ fúnra rẹ̀ nílò owú, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ mọ̀ pé irin tí ó wà lábẹ́ ibi tí ọmọ owú ń bà gan-an ni ó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe bí ojú owú ti fẹ̀ tó. Pátákó irin fẹ́lẹ́ kàn máa ń fò sókè ni, a sì máa gba agbára ọwọ́ dànù.

Àwọn kan máa ń fi ègé ojú irin rélùwéè ṣe owú, ṣùgbọ́n ojú irin náà kò gba ìpínlẹ̀ Èkìtì kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ègé rẹ̀ wá tà, kí a bi í níbi tí ó ti rí i, torí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti tú ojú irin ìjọba. Ohun tí ó yá mi lára láti dámọ̀ràn ni ọ̀pá ṣáàfù táyà ẹ̀yìn lọ́rí, èyí tí ó ní awo irin nípọn ní orí, tí a sì lè rí lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta àlòkù irin. Awo náà ni ojú owú. Ọ̀pá yóò wọ inú igi. Kí a fi fáìlì pa ojú awo dọ́gba, kí a sì pa mímú etí rẹ̀ díẹ̀, kí ó má baà gé irin gbígbóná tàbí kí ó ṣẹ́ fò sí ojú ẹni.

Igi ìrókò, apá tàbí àyìn tí ó ti gbẹ dára. Kí a gbé e nàró bí ó ti hù, kí a sì rì í mọ́lẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ nítorí omi òjò, kí a fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnì àlòkù pa ìdí rẹ̀ nítorí ikán. Ihò jíjìn ṣòro láti lu. Nítorí náà, kí a tó rì í, kí a la igi sí méjì, kí a gbẹ́ ojú ọ̀nà ọ̀pá sínú abala kọ̀ọ̀kan, kí a wá fi òrùka irin dè é padà gírígírí. Ìdí ọ̀pá gbọ́dọ̀ kan ìsàlẹ̀ ihò náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, awo nìkan ni yóò máa jìyà.

Ní ti gíga, kí a dúró ṣánṣán, kí a di ẹ̀ṣẹ́, kí apá sì rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara: ibi tí oríkèé ìka ọwọ́ bá dé ni kí ojú owú wà. Èyí tí ó bá kúrú yóò ba ẹ̀yìn jẹ́.

Lẹ́yìn èyí, kí a jẹ́ kí bọ́ọ̀lù irin inú bíárìn bọ́ sórí awo láti 25 sẹ̀ǹtímítà. Ibi tí ó bá ti ta sókè jù lọ ni kí a ti máa lu irin líle, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ àárín, lórí ọ̀pá.