Kíráùn àti Píníọ̀n: Ẹ Má Yà Wọ́n
Ìtọ́sọ́nà fún àwọn àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tó ń fi pikọ́ọ̀pù kó irè oko

Ẹ̀gẹ́ tí a ti hú kì í dúró de mẹkáníìkì. Bí dífù (jíà ẹ̀yìn tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé ẹsẹ̀ táyà) bá fọ́ lọ́nà oko, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni inú ẹ̀gẹ́ yóò ti máa dúdú, oní-gàrí ò sì ní san iye tó yẹ mọ́. Ìdí tí a fi kọ ìwé yìí nìyẹn. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ìṣarà, àwọn tó fẹ́ kí ọkọ̀ wọn tètè máa fà ń pààrọ̀ jíà inú dífù, àṣìṣe kan náà la sì ń bá: wọ́n ra kíráùn (jíà ńlá inú dífù), wọ́n fi píníọ̀n àtijọ́ (jíà kékeré tó ń yí i) bá a lò, wọ́n ní ó ṣì dáa.

Ó dáa fún kíráùn tí wọ́n yọ dànù. Ilé iṣẹ́ tó ṣe méjèèjì ló lọ̀ wọ́n pọ̀, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n sì sábà máa ń tẹ̀ sí wọn lára. Bí nọ́ńbà wọn ò bá bára mu, ẹ má rà wọ́n, bó ti wù kí owó wọn kéré tó.

Ìṣirò ìfà dífù ò le. Ẹ fi eyín píníọ̀n pín eyín kíráùn: 41 sí 11 jẹ́ 3.73, 41 sí 10 jẹ́ 4.10, 41 sí 9 jẹ́ 4.56. Bí èsì ìṣirò yìí bá ṣe tóbi tó ni ọkọ̀ ṣe ń fà tó. Ẹni tó kúrò ní 3.73 bọ́ sí 4.10 yóò rí agbára lé ní ìdá 10 nínú 100 lẹ́sẹ̀ táyà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yóò sì máa yí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìwọ̀n yẹn náà. Ẹni tó jẹ́ pé òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ló ń ná lójoojúmọ́, kó fi tirẹ̀ sílẹ̀, epo lásán ni yóò máa jó.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ wo táyà. Hilux tó ń lo 205R16 tẹ́lẹ̀, tí ẹ wá fi 265/75R16 tó tóbi jù ú lọ sí nítorí ẹwà, ti pàdánù nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 agbára ìfà rẹ̀. Dífù 4.10 rẹ̀ ti ń ṣe bíi 3.74. Ẹ dá táyà padà, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ti parí síbẹ̀.

Láti mọ èyí tó wà lára ọkọ̀, ẹ fi igi há táyà iwájú, ẹ tú bíréèkì ọwọ́, ẹ fi jíà sí nútírà, ẹ gbé táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo sókè. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí táyà náà àti ṣááfù (ọ̀pá gígùn tó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ dífù). Ẹ yí táyà ní ìgbà 20. Bí ṣááfù bá yí ní 41, 4.10 ni, bó bá jẹ́ 37 àti díẹ̀, 3.73 ni. Orí dífù (odindi èyí tí kíráùn àti píníọ̀n ti wà nínú rẹ̀) tòkunbọ̀ tí ẹ bá lọ rà ní ọjà Ládìípọ̀, kíráùn rẹ̀ ni kí ẹ yí ní ìgbà 10, kí ẹ ka iye ìgbà tí ẹnu píníọ̀n yí.

Odindi orí dífù la sì fẹ́ kí ẹ rà. Ti Hilux ń jáde látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a ò ní tún un tò. Ẹni tó bá ra kíráùn àti píníọ̀n nìkan gbọ́dọ̀ rí mẹkáníìkì tó ní gééjì olójú aago. Àyè tó yẹ kó wà láàárín eyín jẹ́ mílímítà 0.13 sí 0.18. Ẹ kun eyín mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ọ̀dà, ẹ yí i lọ yí i bọ̀. Àárín eyín ni àmì ibi tí wọ́n ti fara kanra gbọ́dọ̀ wà. Bó bá wà lókè eyín, wáṣà ẹ̀yìn píníọ̀n tín-ínrín jù. Bó bá wà nísàlẹ̀ eyín, ó nípọn jù. Páìpù kékeré tó ń rún láàárín bẹ́rìn píníọ̀n, tuntun ni kí ẹ fi sí. Bí wọ́n bá fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ kọjá ààlà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú u díẹ̀ padà. Páìpù mìíràn ni kí ẹ rà. "Mo fi ọwọ́ gbọ̀n ọ́n, ó dáa" kì í ṣe ìwọ̀n.

Fún ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, èsì ìṣirò dífù iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí ẹ bá gbé e sí 4x4 lórí ilẹ̀ gbígbẹ ni wàhálà yóò bẹ̀rẹ̀.

Ọ́ìlì jíà GL-5, 80W-90 tàbí 90, ni kí ẹ rọ, títí yóò fi dé ẹnu ihò. Ẹ má rọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ́kù nínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ wa ọkọ̀ náà láìrẹrù fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ jẹ́ kí dífù tutù, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ má fi ẹrù wúwo lé e kó tó rin kìlómítà 800, ibẹ̀ ni kí ẹ sì ti pààrọ̀ ọ́ìlì. Bó bá ń ké nígbà tí ẹ bá tẹ iná, tí ohùn náà sì ń yí padà bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀, ẹ dá a padà fún mẹkáníìkì lọ́jọ́ náà.

Jíà yìí ò fi kún ohun tí áásù (ọ̀pá tó gbé táyà) àti bíréèkì lè gbé. Àwọn kan ti gbọ́ pé ọkọ̀ ń fà, wọ́n sì di àpò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àfọwọ́fà ni.

Aago eré ọkọ̀ tó ń gba wáyà láti ara gíábọ́ọ̀sì yóò máa purọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn 3.73 sí 4.10, bó bá kọ 88, 80 lẹ ń sá. Ìwọ̀n kìlómítà tí yóò máa kọ náà yóò lé ní ìdá 10, torí náà, bí ẹ bá ń ka kìlómítà láti pààrọ̀ ọ́ìlì, 880 lórí aago ni 800 tòótọ́.